Bí A Ṣe Túmọ̀ Anómálì

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń túmọ̀ ìwé ní ilé ìwòsàn, n kò sì fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ mi ní iṣẹ́ mi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Àwa mẹ́ta la wà ní ẹ̀ka ìtúmọ̀, èmi ni mo dàgbà jù, àwọn àbúrò mi méjèèjì sì mọ̀ pé bí mo bá ti bọ́ awò ojú mi sórí tábìlì, kí kálukú tètè wá nǹkan ṣe.

Yàrá wa wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn. Ó ní fèrèsé kan, tábìlì mẹ́ta, àti fáànù kan tó máa ń kọjú sí apá kan ṣoṣo, apá tí n kò sí. Bí dókítà bá ti kọ ìwé sí aláìsàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. A ó kọ Yorùbá sí abẹ́ rẹ̀, a ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ wọn kì í wo ti òkè rárá. Ohun tí a bá kọ sí ìsàlẹ̀, òun ni àìsàn wọn.

Lára ògiri tó kọjú sí mi ni a lẹ Ìwé Ògiri mọ́. Irinwó ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún, a sì fi ọ̀rá bò ó kí ọwọ́ má bàa sọ ọ́ di dúdú. Ohun tó bí i ni pé, kí n tó débẹ̀, ògbufọ̀ mẹ́ta kọ ìwé sí bàbá kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kálukú sì pe àìsàn rẹ̀ ní orúkọ tó wù ú. Bàbá náà gbà pé àìsàn mẹ́ta ló ń ṣe òun lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ rẹ̀, ó pín ilé. Ẹ̀jẹ̀ ríru lásán ni. Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin ní ẹ̀ka wa pé ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ kan. Ohun tó bá ti wà lára ògiri, a kì í rò ó mọ́, a kàn ń kọ ọ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ kan padà, ó di ìpàdé, ìpàdé sì ń wáyé lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta. Mo nífẹ̀ẹ́ òfin yìí. Mo ti jẹ́ kí àbúrò mi kan tún ogójì ìwé kọ nítorí pé ó lo ọ̀rọ̀ tí kò sí lára ògiri, n kò sì bẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó dá Ìwé Ògiri sílẹ̀ ni ọ̀gá wa ìgbà náà, tí a máa ń pè ní Ọ̀gá Gíríìkì bí kò bá sí nítòsí. Ó ti kọ́ èdè Gíríìkì fún ọdún mẹ́ta nígbà tó fẹ́ di àlùfáà. Kò di àlùfáà mọ́, ṣùgbọ́n Gíríìkì yẹn kò fi í sílẹ̀, òun náà kò sì jẹ́ kó fi àwa sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, ìwé kan wọlé tí wọ́n kọ anómálì sí. N kò rí ọ̀rọ̀ náà rí. Ọ̀gá dìde, ó ha ọ̀fun, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì ni. Ó ní “a” túmọ̀ sí kò sí, “nómọ́ọ̀sì” sì ni òfin. Ó ní anómálì ni ohun tó rú òfin, ohun tí kò bá bí Ọlọ́run ṣe dá ayé mu. Ó bojú wo gbogbo wa, ó ní kí ni Yorùbá rẹ̀. Èmi ọmọ tuntun ni mo dáhùn. Mo ní àbùkù.

Inú ọ̀gá dùn débi pé ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó fún mi ní gègé pé kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sára ògiri. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, mo ròyìn fún ọkọ mi títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi síbẹ̀ nìyẹn, mo sì máa ń gbójú sókè wò ó nígbà míì bí iṣẹ́ bá sú mi.

Lọ́jọ́ Ajé kan ni dókítà ọkàn wọlé tọ̀ mí wá. Mo lè bí i lọ́mọ, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó gbé ìwé kan síwájú mi.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ kọ síbí?”

“Ohun tẹ́ ẹ kọ ni mo kọ.”

“Aránṣọ ni ọmọ yẹn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ Ẹtì ló yẹ kó wá ká ṣètò iṣẹ́ abẹ ẹ̀. Kò wá. Mo pè é lórí fóònù, ó ní òun ò wá mọ́. Ó ní kí n fi àyè òun fún ẹni tí ara ẹ̀ pé.”

Mo ní bóyá ẹ̀rù abẹ ló ń bà á. Dókítà mi orí. Ó ní ẹ̀rù kò ba ọmọ náà rárá títí ìwé fi dé ọwọ́ rẹ̀. Ó wá fa àga ẹ̀gbẹ́ mi, ó jókòó, ó sì ṣàlàyé fún mi bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Iṣan mẹ́rin ló máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí apá òsì ọkàn. Nínú ọmọ yìí, mẹ́ta ń lọ sí òsì, ẹyọ kan ń lọ sí ọ̀tún. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Nítorí ẹyọ kan yẹn, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó jáde lọ sí ara tún ń yí padà, ọkàn rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ èèyàn kan àti ààbọ̀, ìdí sì nìyẹn tí èémí rẹ̀ kì í fi tó bó bá ti ń tẹ máṣíìnì. Oníṣẹ́ abẹ tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ti wá láti òkèèrè fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́bọ̀ ni àyè ìkẹyìn rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń lọ.

“Ìgbà wo ló máa padà wá?”

“Ọdún méjì. Mà, mi ò fẹ́ tàn yín. Tí wọ́n bá ṣe é báyìí, ọmọ yẹn máa dàgbà darúgbó. Tó bá fi máa tó ọdún méjì, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ lè ti bàjẹ́ débi tí ẹnikẹ́ni ò ní gbà láti fọwọ́ kàn án.”

“Kí ló dé tẹ́ ò kọ gbogbo èyí sínú ìwé ẹ̀?”

“Mo kọ ọ́ mà. Anómálì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló kó gbogbo ẹ̀.”

“Èmi náà kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.”

Mo fi ọwọ́ tọ́ka sí ògiri. Dókítà wo ibẹ̀, ó wo mí, ó dìde. Ó ní òun ní aláìsàn tó ń dúró. Kò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Nígbà tó lọ, mo ka ìwé náà sókè. “Àyẹ̀wò fi hàn pé àbùkù wà ní ọkàn rẹ láti ìgbà tí a ti bí ọ.” Mo ti kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, n kò gbọ́ ọ rí. Lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ọ bí ẹni pé èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí.  Síbẹ̀ olórí kunkun ni mí, mo ní kì í ṣe ẹjọ́ mi, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyẹn, àwọn Gíríìkì ni kí wọ́n lọ bi. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ìkàwé láti lọ wá ẹ̀rí tí màá gbé ka iwájú dókítà náà.

Ìwé àtúmọ̀ èdè tó tóbi jù níbẹ̀ wà lórí tábìlì tirẹ̀, nítorí pé kò sí pẹpẹ tó lè gbé e. Mo ṣí i, mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà títí mo fi bá a. Ó ní èdè Gíríìkì ló ti wá lóòótọ́. Ọ̀gá tọ̀nà níbẹ̀. “An” ni kò, tàbí àì. Ṣùgbọ́n ìyókù kì í ṣe nómọ́ọ̀sì. Hómálọ́ọ̀sì ni, èyí tó túmọ̀ sí ohun tó tẹ́jú, tó dọ́gba, bí ilẹ̀ tí kò ní gegele. Anómálì ni ohun tí kò tẹ́jú. Ìwé náà tilẹ̀ ṣe ìkìlọ̀ ní ìsàlẹ̀ pé àwọn kan máa ń ṣì í mú mọ́ ọ̀rọ̀ òfin, pé kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Ó ní àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ láyé àtijọ́ lo ọ̀rọ̀ náà fún ìràwọ̀ tí ìrìn rẹ̀ ń yá nígbà kan, tó sì ń falẹ̀ nígbà mìíràn, tí kò bá ìṣirò wọn mu. Kò sí ẹni tó bú ìràwọ̀ náà. Ìṣirò ni wọ́n lọ tún ṣe.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ́kọ́ bínú sí ọ̀gá, ẹni tó ti kú láti ọdún mọ́kànlá, tí kò lè wá sọ tẹnu rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ Gíríìkì, ọ̀rọ̀ kan péré ló sì ṣì, a sì bá a ṣì í fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì mí. Ọ̀gá sọ ohun tó gbà pé ó mọ̀. Èmi ni mo mú àbùkù wá. Mo mọ ohun tí àbùkù jẹ́ ní èdè tèmi, n kò nílò Gíríìkì kankan láti mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé bí a bá sọ ọ́ sí èèyàn, ilé rẹ̀ ló máa gbé e lọ.

Mo padà sókè, mo sì sọ fún àwọn àbúrò mi pé a máa yí ọ̀rọ̀ kan padà lónìí. Wọ́n wo ara wọn. Èyí tí mo mú tún ogójì ìwé kọ ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀.

“Ìpàdé di oṣù tó ń bọ̀ mà. Ẹ̀yin lẹ sọ pé òfin ò mọ ojú ẹnikẹ́ni.”

Mo bọ́ awò ojú mi sórí tábìlì. Kò sí ẹni tó mira. Mo rí i pé ẹ̀rín ló ń pa wọ́n, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Mo mú awò mi padà, mo kọ àdírẹ́sì aránṣọ náà sẹ́yìn ọwọ́ mi. Òfin mìíràn tún wà pé ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ lọ sí ilé aláìsàn. Èmi ni mo kọ ìyẹn náà.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni mo lọ. Ilé náà wà ní òpópónà tóóró kan, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì. Alágbàfọ̀ ni ìyá ọmọ náà, yàrá iwájú ni wọ́n sì ti ń ṣe iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníṣòwò rọ̀ sára okùn láti ògiri dé ògiri, èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó kọjá. Ooru áyọ́ọ̀nù gba gbogbo ibẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni ọmọbìnrin náà jókòó sí nídìí máṣíìnì, aṣọ oníbàárà kan lórí itan rẹ̀. Ó máa ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á dúró, á mí, á tún tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ èémí náà láti ẹnu ọ̀nà.

Mo kí wọn, mo sọ ibi tí mo ti wá. Ìyá gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

“Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yẹn?”

“Èmi ni.”

“Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n wò yín dáadáa.”

Ó wò mí lóòótọ́, láti orí dé ẹsẹ̀, bí ìgbà tó ń wá ibi tí àbàwọ́n wà lára aṣọ. Mo jókòó, mo gbà á. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyẹn. Láti ọjọ́ tí ìwé yín ti dé, mo ti ń ro gbogbo ohun tí mo jẹ nígbà tí mo lóyún ẹ̀. Gbogbo ibi tí mo rìn dé. Mo ti bi ara mi léèrè ohun tí mo ṣe.”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe.”

Ọmọbìnrin náà kò tíì gbójú sókè. Ó ń tú ìlà kan tó rán wọ́.

“Mo ti dá òrùka padà fún un,” ó ní.

Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló ń sọ, pé ọmọkùnrin náà wá ń dúró níwájú ilé lójoojúmọ́, kò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

“Kí lo wí fún un?” mo bi í.

“Mo ní mi ò ṣe mọ́. Kí ni kí n wí? Kí n sọ fún ìyá ẹ̀ pé wọ́n bí mi tàbùkù-tàbùkù, pé ilé ìwòsàn ló kọ ọ́, pé òǹtẹ̀ wà níbẹ̀?”

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Mo sọ ti Gíríìkì, mo sọ ti ọ̀gá mi àti ògiri wa, mo sọ ti hómálọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀. Mo sọ pé a ṣì í mú, pé àìtẹ́jú ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe ìtìjú. Mo sọ ọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n yin ara mi. Ọmọ náà gbọ́ ọ dé ìparí, ó sì gbójú sókè níkẹyìn. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

“Ẹ ṣé mà. Ṣùgbọ́n kí ló wá yàtọ̀? Ẹ bọ́ aṣọ kan, ẹ wọ òmíràn fún un. Àbùkù ni tẹ́lẹ̀, àìtẹ́jú ló dà báyìí. Èmi náà ni wọ́n ṣì ń sọ.”

  Mo kàn ń wo orí tábìlì rẹ̀ kí n má bàa wo ojú rẹ̀. Ìwé kan ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ́ọ̀sì àti téèpù. Ibẹ̀ ló ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀ sí. Mo ka ohun tó wà níbẹ̀ láìrò ó: “Èjìká ọ̀tún rẹlẹ̀ ju tòsì lọ, ìdajì ínǹṣì. Ẹ̀yìn tẹ̀ díẹ̀ lókè. Apá òsì gùn ju ọ̀tún lọ, díẹ̀ báyìí.”

“Ta ló ni èyí?”

“Ìyàwó olùkọ́ kan. Òun ló ni aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi yìí.”

“Ṣé o sọ fún un pé ó ní àbùkù?”

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí. “Nítorí kí ni? Kò sẹ́ni tí èjìká ẹ̀ méjèèjì dọ́gba mà. Ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń ránṣọ, mi ò tíì wọn ẹyọ ẹnì kan tó dọ́gba. Mo kọ ibi tó wà àti bó ṣe tó, mo sì gé aṣọ bá a mu. Tí mo bá kàn kọ ‘èjìká burúkú’ síbẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ gé e?”

Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó gbójú sí ìwé ìwọ̀n náà. Èmi náà wò ó. Mo rò pé a jọ gbọ́ ohun tó sọ yẹn lẹ́ẹ̀kan náà ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́.

“Fún mi ní ojú ìwé kan níbẹ̀. Fún mi ní pẹ́ńsù ẹ.”

Ó ya ojú ewé kan fún mi. Mo kọ ọ́ bí òun ṣe máa kọ ọ́. Mo kọ pé iṣan mẹ́rin ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí apá òsì ọkàn. Mo kọ pé nínú tirẹ̀, mẹ́ta ń lọ sí òsì, ọ̀kan ń lọ sí ọ̀tún. Mo kọ pé oníṣẹ́ abẹ máa darí ọ̀kan náà sí òsì, pé wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ló máa gbà, pé àpá máa wà. Kò sí anómálì níbẹ̀, kò sí àbùkù, kò sì sí Gíríìkì. Mo fà á lé e lọ́wọ́.

Ó fi ìka tọ ọ́ láti ìlà dé ìlà. “Ẹyọ kan péré?”

“Ẹyọ kan.”

“Mẹ́ta tó kù ń ṣiṣẹ́ dáadáa?”

“Dókítà ní kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n.”

“Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ báyìí fún mi?”

Mo ní, “Ẹ̀bi mi ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ, àti lọ́wọ́ ìyá ẹ.” Mo sọ ọ́ jáde, ó sì ṣòro fún mi ju bó ṣe rọrùn láti kọ ọ́ yìí.  Ìyá rẹ̀ ti kọ ẹ̀yìn sí wa láti ìgbà díẹ̀, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ nu ojú. Àfìgbà tí òórùn kan gba yàrá, tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ yíjú.

“Ẹ wò ó,” ìyá ní, “ẹ ti jẹ́ kí n jó ṣẹ́ẹ̀tì olóṣèlú.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí èémí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó o, ìyá sì gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í bóyá yóò wá lọ́la, ó ní òun máa rò ó. N kò fi ipá mú un. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín àwọn ṣẹ́ẹ̀tì, mo jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níwájú ilé lóòótọ́, ó fara ti ògiri. Ó kí mi. Mo kí i, mo gbé ẹnu mi dákẹ́, ọ̀rọ̀ sì ń yún mi lẹ́nu títí mo fi dé ibi tí mo ti wọkọ̀.

Ní ọjọ́rú, n kò lè ṣiṣẹ́ kan tó gún régé. Gbogbo ìgbà tí ìlẹ̀kùn bá dún ni mo ń gbọ́rùn sókè. Àwọn àbúrò mi ti ṣe ìpàdé láìsọ fún mi, wọ́n ti buwọ́ lu ìwé, wọ́n kàn gbé e wá kí n fi tèmi sí i ni. Lára ògiri, níwájú anómálì, wọ́n ti fi bébà funfun lẹ ọ̀rọ̀ mi pa. Wọ́n kọ síbẹ̀ pé: “Ẹ bi dókítà léèrè ibi tó wà àti bó ṣe tó. Kí ẹ kọ ìyẹn.” Àyípadà tó tóbi jù láti ìgbà tí ògiri ti wà nìyẹn, mo sì buwọ́ lù ú láìbọ́ awò ojú mi.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni dókítà ọkàn yọ orí sí wa. “Ó ti dé,” ó ní, ó sì ti lọ.

Mo sáré, bí ọjọ́ orí mi ti tó yìí. Wọ́n ti fún ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀dì, ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí wọ́n háyà. Ọ̀dọ́mọkùnrin àná náà jókòó níbi ẹsẹ̀ ọmọ náà. Òrùka obìnrin wà ní ìka kékeré ọwọ́ rẹ̀, kò wọlé ju oríkèé àkọ́kọ́ lọ. Ó rí i pé mo ń wò ó.

“Wọ́n ní wọn kì í jẹ́ kéèyàn wọ òrùka wọ yàrá iṣẹ́ abẹ,” ó ní. “Mo ń bá a dì í mú ni.”

Ewé tí mo kọ wà lórí itan rẹ̀, ó ti ká sí mẹ́rin. Ó ní ìyàwó òun ló fà á lé òun lọ́wọ́ lójú pópó kó tó sọ ọ̀rọ̀ kankan. Aránṣọ náà ní òun kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ráyè ká aṣọ.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo mú ìwé ìyọ̀ǹda wá fún un. Mo ti tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ó kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó béèrè ìgbà tí òun lè padà sídìí máṣíìnì, mo ní oṣù mẹ́ta, ó ní oṣù méjì, ó sì buwọ́ lù ú. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú bíréèkì bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ náà di ọwọ́ mi mú.

“Mà, ọdún mélòó ni ọ̀rọ̀ yẹn fi wà lára ògiri?”

“Ọgbọ̀n ó lé ọ̀kan.”

“Èèyàn mélòó ló ti gbé e lọ sílé?”

N kò mọ̀. Mo fẹ́ sọ pé díẹ̀ ni, ẹnu mi kò gbà á. Ó rí i pé n kò mọ̀, ó fún ọwọ́ mi pọ̀ díẹ̀, wọ́n sì tì í lọ.

Wákàtí márùn-ún ni. Mo wà pẹ̀lú ìyá àti ọkọ àfẹ́sọ́nà náà lórí bẹ́ǹṣì, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ àfi ìyá, tó ń sọ irú aṣọ tí gbogbo ẹni tó ń kọjá wọ̀ àti bó ṣe yẹ kí wọ́n lọ̀ ọ́. Nígbà tí dókítà ọkàn jáde, ó ti bọ́ ìbòmú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó rọra sọ̀rọ̀. Ó ní iṣan náà ti ń lọ sí òsì. Ó ní mẹ́rin ti pé mẹ́rin. Mo sunkún níwájú gbogbo èèyàn, ojú kò tì mí. Ìyá ló fi etí aṣọ rẹ̀ nù mí lójú.

Lẹ́yìn náà, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àwọn fáìlì àtijọ́ sí, mo ní kí wọ́n bá mi wá gbogbo ìwé tí ẹ̀ka wa ti kọ àbùkù sí láti ọdún tí mo débẹ̀. Obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní ṣé mo ní àyè ni. Mo ní màá wá a. Ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó rí wọn tán. Igba ó lé mẹ́rìnlá ni. Àwọn kan ti kú. Àwọn kan ti kó lọ. Mo to ìyókù jọ sórí tábìlì mi, mo gbé èyí tó wà lókè jù lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà kíndìnrín, mo ní kó sọ fún mi ibi tó wà àti bó ṣe tó. Ó kà á, ó sọ fún mi, mo kọ ọ́. Mo padà wá síbi tábìlì, mo tẹ nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì.

Ohùn ọkùnrin ló dáhùn, ohùn àgbà. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo sọ pé ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, a kọ ìwé kan sí i pé àbùkù wà ní kíndìnrín rẹ̀.

“Mo mọ̀ ọ́n,” ó ní. “Ó wà nínú àpótí mi. Mi ò jẹ́ kí àwọn ọmọ mi rí i.”

Mo ní a ṣì í kọ. Mo ní ohun tó yẹ kí a kọ nìyí, mo sì kà á fún un: “Kíndìnrín rẹ ọ̀tún fi díẹ̀ tóbi ju tòsì lọ. Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò sí ohun tí o ní láti ṣe sí i.”

 Mo gbọ́ tó fa àga, mo gbọ́ tó jókòó.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ó ní, “ẹ tún un kà.”

Mo tún un kà.